Ìyá Oníbákónì

Bí ẹ bá ń gbé ní Peckham, Woolwich tàbí Dagenham, tí ẹ sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Yorùbá, ẹ ti mọ Ìyá Oníbákónì, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀ pé orúkọ tí wọ́n ń pè é lẹ́yìn nìyẹn. Ó ti lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ó ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù ìjọba títí tí orúnkún fi ní òun ò ṣe mọ́. Ó ti san gbèsè ilé tán, àwọn ọmọ ti kó jáde, ọmọ-ọmọ tó ń bá wọn gbé jó náà ti wọ iléèwé. Láyé àtijọ́, Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú-Òde ni owó ìfẹ̀yìntì irú ìyá bẹ́ẹ̀ ń gbà lọ, kí wọ́n lè fi parí ilé tí ẹnikẹ́ni kò ní gbé. Ní báyìí, Southampton ló ń gbà lọ.

Kúrúùsì ni wọ́n ń lọ. Ọkọ̀ á ṣí ní Southampton, á gba Òkun Àríwá lọ sí Norway, á yà ní Stavanger, á wọ inú àwọn omi tóóró tó wà láàárín òkè gíga títí dé Olden àti Geiranger, á sì ṣẹ́rí padà. Gbogbo ẹ̀ kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yàrá tí wọn yóò sùn fún ọ̀sẹ̀ kan yẹn ti wà nílẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ẹ lọ kí i nílé, ẹ ò ní ríbi gbé àwo ọbẹ̀ lé lórí tábìlì. Àwòrán ọkọ̀ ló gba ibẹ̀, dẹ́ẹ̀kì kan sí bébà kan, ó fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ wọ́n mọ́ra. Awò méjì ló wà lójú ẹ̀, ọ̀kan lórí ọ̀kan. Báírò pupa ló fi ń fa ibi tó burú, búlúù ló fi ń fa ibi tó dára. Ọkọ̀ Iona tó máa ń ná ọ̀nà Norway lè gba èrò tó lé ní 5,000, kábíìnì inú ẹ̀ sì lé ní 2,500. Ìyá Oníbákónì ti yẹ gbogbo wọn wò.

"Ta ló wà lókè mi? Ta ló wà nísàlẹ̀ mi? Kí ló wà lẹ́yìn ògiri mi?" Ẹni tó ń ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ ní Lẹ́kí kì í wádìí tó bẹ́ẹ̀.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó mọ ohun tó ń sọ. Bó bá ní kí ẹ má gba kábíìnì tó wà lábẹ́ ilé oúnjẹ, ẹ gbọ́ tiẹ̀: ilẹ̀ kò tíì ní mọ́ tán tí wọ́n á ti máa wọ́ àga lórí yín. Èyí tó wà lórí tíátà, ìlù ni yóò máa fi rẹ̀ yín sùn. Bí ìgbì bá dé, iwájú ọkọ̀ a máa lọ sókè sódò. Ní ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì a máa gbọn bẹ́ẹ̀dì. Àwọn kábíìnì kan ní fèrèsé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdí ọkọ̀ ìdóòlà tí wọ́n so kọ́ síta ni ẹ ó máa wò níbẹ̀ láti Southampton dé Southampton. Òmíràn ní ilẹ̀kùn tó já sí yàrá kejì, ẹ ó sì máa gbọ́ bí ọkùnrin tí ẹ kò mọ̀ rí ṣe ń hanrun. Ó mọ̀ pé bí ẹ bá ní kí wọ́n fún yín ní èyíkéyìí tó bá ṣẹ́kù, owó á dín, àmọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ni yóò yàn fún yín. Ó mọ̀ pé kábíìnì tí wọ́n fẹ ẹnu ọ̀nà ẹ̀ fún ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ rìn, tí èèyàn kò ní gbẹ́sẹ̀ sókè kó tó wọ balùwẹ̀, kì í pọ̀ nínú ọkọ̀ kankan, ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ tètè sọ. Ó tún mọ èyí tó ṣe kókó jù lọ fún ẹni tí èébì máa ń gbé nínú ọkọ̀: àárín ni kó wà, nísàlẹ̀, níbi tí ọkọ̀ kì í ti í fì púpọ̀.

Èébì sì máa ń gbé òun náà. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Lewisham pàápàá, ìjókòó iwájú ló máa ń bẹ àwọn ọmọdé pé kí wọ́n dìde fóun.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó mú: dẹ́ẹ̀kì kejìlá, apá iwájú, pẹ̀lú bákónì.

Òkun kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Sístà kan nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ló lọ lọ́dún tó kọjá, tó fi fọ́tò sórí WhatsApp: ife tíì lọ́wọ́, ẹsẹ̀ lórí àga, omi lẹ́yìn. Wọ́n rí i ní Ṣàgámù, wọ́n rí i ní Houston. Wòlíì kan ní Ìkòròdú tilẹ̀ pè láti sọ pé òun ti rí i lójú ìran tipẹ́. Láti ọjọ́ náà ni báírò búlúù ti ń gun òkè láti dẹ́ẹ̀kì dé dẹ́ẹ̀kì. Fèrèsé róbótó nísàlẹ̀, ta ni èèyàn fẹ́ fi hàn?

Bàbá ilé gbìyànjú. Ọmọ Aureol ni bàbá. Àwọn àgbà ò tíì gbàgbé ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Elder Dempster yẹn, aláwọ̀ funfun, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1951, tó ń kó ọmọ wa láti Èkó lọ sí Liverpool fún bí ọ̀sẹ̀ méjì lórí omi. Lọ́dún 1972, wọ́n gbé e kúrò ní Liverpool wá sí Southampton yìí kan náà, nígbà tó sì di 1974 ó jáwọ́ nínú iṣẹ́. Ọkọ̀ òfurufú ti gba èrò lọ́wọ́ ẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká mú èyí tí kò ní fèrèsé. Ṣebí oorun la fẹ́ sùn níbẹ̀?"

"Dádì, inú ihò ni kí n wá lọ máa gbé?"

"Nígbà tí mò ń bọ̀ nínú Aureol, ta ló fún mi ní bákónì?"

"Ìwé lẹ ń wá kà nígbà yẹn. Èmi, fàájì ni mò ń lọ ṣe."

Bàbá gbé ìwé ìròyìn ẹ̀. Ìdajì owó náà yóò ti àpò ẹ̀ jáde, ọ̀rọ̀ ẹ̀ sì ti parí síbẹ̀.

Ìyá Ìjẹ̀ṣà, ọ̀rẹ́ Ìyá Oníbákónì tí wọ́n jọ ń lọ, kò ní ẹni tí wọ́n jọ máa jiyàn. Opó ni. Ẹni tó bá dá lọ, owó èèyàn méjì tàbí ohun tó sún mọ́ ọn ni wọ́n sábà máa ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀, nítorí pé ènìyàn méjì ni wọ́n fi ṣírò owó kábíìnì. Ọ̀fọ̀ kò kan ọlọ́kọ̀. Ìyá Ìjẹ̀ṣà ṣe ìṣirò, ó mú yàrá tí kò ní fèrèsé ní àárín ọkọ̀ nísàlẹ̀, ó pa ìwé dé. Gbogbo wàhálà tiẹ̀ kò ju ìgbà tí èèyàn fi ń se ẹyin lọ. Ìyá Oníbákónì káàánú ẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀.

Ẹrù dídì ló kàn. Ọkọ̀ òkun kì í ṣọ́ kílò bíi ti òfurufú, ẹ sì mọ ohun tí Yorùbá ń ṣe bí kò bá sí ẹni tó ń wọn ẹrù. Aṣọ ẹbí wà nínú ẹrù Ìyá Oníbákónì, nítorí pé ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ẹnì kan bọ́ sínú ọ̀sẹ̀ náà. Gèlè mẹ́rin. Gàárì Ìjẹ̀bú, ẹ̀pà, ata gígún nínú ike tí wọ́n fi ọ̀rá wé lẹ́ẹ̀mẹta, bẹ́ẹ̀ owó tí wọ́n san ti ní oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ nínú. Ó kó áyọ́ọ̀nù pẹ̀lú. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé tó wà lábẹ́ àwòrán dẹ́ẹ̀kì pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mú áyọ́ọ̀nù wọkọ̀ nítorí iná; iná lórí omi, ibo ni èèyàn fẹ́ sá sí? Wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ létí ọkọ̀, wọ́n fún un ní tálì pé kó wá gbà á nígbà tó bá ń padà lọ. Ó ní àwọn òyìnbó yìí kò fẹ́ ká dùn ún wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí ni ti ìnṣọ́ránsì. Wọ́n bi í bóyá ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ní rárá, torí bó bá sọ bẹ́ẹ̀ ni, owó á gòkè. Obìnrin tó lo gbogbo ayé ẹ̀ láti máa bá aláìsàn wí pé kí wọ́n má purọ́ fún dókítà! Ọ̀fẹ́ tí ẹ ń jẹ lábẹ́ ètò ìlera NHS kò sí nínú ọkọ̀. Dókítà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà, owó ni wọ́n sì ń gbà. Bó bá sì di pé kí hẹlikópítà wá gbé èèyàn, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì á kọ́kọ́ lọ yẹ ohun tó sọ lọ́jọ́sí wò. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ọ̀hún, níbo ló wà? Ìsàlẹ̀ àpótí ńlá tí àwọn alágbàárù gbà lọ́wọ́ ẹ̀ ní Southampton ni, èyí tó lè di alẹ́ kó tó dé ẹnu ọ̀nà kábíìnì. Gàárì ló wà nínú àpamọ́wọ́.

Wọ́n pe gbogbo èrò kí wọ́n wá kọ́ bí a ti ń sá àsálà. Nígbà kan rí, ọkọ̀ lè ti wà lójú omi fún ọjọ́ kan kí wọ́n tó ṣe é. Láti ìgbà tí Costa Concordia ti kọlu àpáta létí erékùṣù Giglio ní Ítálì lóṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2012, tí ẹ̀mí 32 lọ sí i, tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọkọ̀ lọ́jọ́ náà kò sì tíì kọ́ ohunkóhun, ni òfin ti ní kí wọ́n ṣe é kí ọkọ̀ tó gbéra tàbí lójú ẹsẹ̀ tó bá gbéra. Fèrè kúkúrú méje, gígùn kan: ẹ lọ síbi tí wọ́n pín yín sí. Gbogbo èèyàn ń fetí sílẹ̀. Ìyá Oníbákónì ń wá ibi tí iná ti dára láti fi ya fọ́tò.

Òkun Àríwá kò mọ ẹni tó wà ní dẹ́ẹ̀kì kejìlá. Alẹ́ àkọ́kọ́, ìyá dùbúlẹ̀ gbalaja, ó di bẹ́ẹ̀dì mú, ó ń pe orúkọ Jésù. Bàbá gbé àtalẹ̀ wá fún un, kò sọ nǹkan kan, mo sì gbóríyìn fún un. Nígbà tí wọ́n máa fi wọ Geiranger, ibi tí UNESCO fi sínú ìwé àwọn ohun ìní aráyé lọ́dún 2005, omi ti rọlẹ̀, omi mìíràn ń já láti orí àpáta lọ́tùn-ún lósì. Ìyá yọ síta pẹ̀lú gèlè, ìbòrùn àti jákẹ́ẹ̀tì òtútù tó nípọn tó tìmùtìmù. Bàbá ya fọ́tò, ó tún un yà nítorí gèlè wọ́, ó tún un yà nítorí ìka òun fúnra ẹ̀ dí kámẹ́rà. Òtútù lé wọn wọlé. Mi ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni tún jókòó sí bákónì náà mọ́.

Nínú oṣù Òkúdù, ilẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣú lápá ibẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnnì wọlé ní gbogbo òru, ìyá ò sì rí oorun sùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Ìyá Ìjẹ̀ṣà gbọ́ kíkan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Sístà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀ fún mi. Ẹ kàn má sọ fún Dádì."

Láti ọjọ́ náà, inú ihò ni Ìyá Oníbákónì ti ń sun oorun ọ̀sán. Fọ́tò ti dé Ṣàgámù ná, Houston ti kọ "wow" sábẹ́ ẹ̀, wòlíì Ìkòròdú sì ti tún pè.

Kí ọkọ̀ tó padà dé Southampton, ó ti san owó ìdúró fún tọdún tó ń bọ̀. Wọ́n máa ń ta ìrìn àjò tó ń bọ̀ nínú ọkọ̀ níbẹ̀. Dẹ́ẹ̀kì kẹrìnlá ló mú. Bí ẹ bá fẹ́ bá wọn lọ, ẹ mú èyí tí kò ní fèrèsé, ẹ fi oògùn yín sínú àpamọ́wọ́, kí ẹ sì rí i pé ẹ ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án.