Ìwé Ilẹ̀ Èkó, Mo Kí Ọ Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀

Ẹ gbé àga fún un, ẹ tẹ́ ẹní tuntun. Kí olùrà dọ̀bálẹ̀, kí olùtà dọ̀bálẹ̀. Kí alágbàtà tó jókòó sáàárín àwọn méjèèjì náà dọ̀bálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ti jẹun yó kí wọ́n tó dáná àsè.

Ìwé Ilẹ̀ Èkó, mo kí ọ.
Ọmọ Aláùsá, ọ́fíìsì ìjọba Èkó, tí í sùn nínú fáìlì.
Ọmọ Olúwòlé, ọjà ayédèrú ìwé, tó jọ ọmọ Aláùsá ju bí Táyé ṣe jọ Kẹ́hìndé.
A-rà-má-tíì-ní.
A-san-má-tíì-tán.
A-kó-wọlé-má-lè-sùn.
Òkè tí a gùn dé góńgó, tí òkè mìíràn ń wò wá láti ẹ̀yìn rẹ̀.
Aṣọ tí aránṣọ méje rán, tí kò sì bo ìdodo ọmọ ọwọ́.
Jókòó dáadáa, oríkì rẹ gùn.

Ta ló ní o kò ní ìran? Ọmọ ẹni iyì ni ọ́. Olóyè Amodu Tijani, tó jẹ oyè Olúwa, gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921, ìgbìmọ̀ tó ń gbẹ́jọ́ lórúkọ ọba Gẹ̀ẹ́sì dájọ́ pé ìdílé àti ará ìlú ló ni ilẹ̀, kí ìjọba san owó gbà-má-bínú tó tọ́. Ìdílé jó. Ó di ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, 1978, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde: gbogbo ilẹ̀ inú ìpínlẹ̀ di ohun tí gómìnà ń dì mú fún gbogbo ará ìlú. Gómìnà jó.

Ìwọ ńkọ́? O bá àwọn méjèèjì jó. Wọ́n ní ọba méjì kì í gbé ààfin kan. O gbé ọba méjì sáàfin, ààfin kò wó. Ìdílé ń ta, gómìnà ń fọwọ́ sí i, olùrà ń sanwó síhìn-ín, ó ń sanwó sọ́hùn-ún. Kí ẹnikẹ́ni má sì bàa yí Òfin Ìlò Ilẹ̀ rẹ padà, wọ́n fi í pamọ́ sínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1979, wọ́n tún gbé e sínú ti 1999. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án yóò kọ́kọ́ wá ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin àpapọ̀, yóò tún wá ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24. Ẹyin kan ṣoṣo, àpótí irin mẹ́ta!

A-lẹ́bí-bí-eṣú, mo tún kí ọ.
Olórí ẹbí tà láìpe àwọn àgbà ẹbí: ilé ẹjọ́ lè tú u ká.
Àwọn àgbà ẹbí tà láìsí olórí ẹbí: òfo ni láti àárọ̀.
Olórí ẹbí tuntun jẹ: ó ní òun kò mọ ohun tí olórí ẹbí àná tà.
Ìnáwó ìsìnkú kì í kó ẹbí jọ tó báyìí. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà abúlé mọ́ dé, ó ń ka orúkọ baba ńlá rẹ̀ láìṣì kan. Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ti sin tipẹ́ ní ọmọ tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ̀ka. Gbogbo wọn ló ní ọwọ́ nínú ilẹ̀, gbogbo ọwọ́ ló sì ní àtẹ́lẹwọ́.

Abiyamọ ọlọ́yàn kan!
Pọ́lọ́ọ̀tì kan, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, ó ti tóbi tó lójú rẹ.
O fi fún ìyá aláṣọ ní oṣù Kínní.
O fi fún tísà ní oṣù Karùn-ún.
O fi fún ará Lọ́ńdọ̀nù ní Disẹ́ńbà.
Ọyàn kan, ọmọ mẹ́ta, gbogbo wọn ló mu níbẹ̀, kò sí èyí tó yó. Àṣé ìjọba ti sàmì sí ibẹ̀ pé títì ni yóò gba ibẹ̀ kọjá. Ìyá, o tún bí ìkẹrin!

Ẹ wo aṣọ ìmúròde rẹ. Ríséètì tí wọ́n rà níwájú ilé ìwé, àtàǹpàkò olórí ẹbí lára rẹ̀ bí epo lára ẹ̀wà. Òfin ní lọ́yà nìkan ló lè gbowó kọ ìwé àdéhùn ilẹ̀. O fẹ́ràn alágbàtà tó gbọ́ èdè lọ́yà. Sọ́fè rẹ rẹwà, gbogbo ilà rẹ̀ tọ́. Ohun kan ló ṣẹ́kù, pé kí ilẹ̀ tó wà nínú ìwé àti ilẹ̀ tí a dúró lé lórí pàdé lọ́jọ́ kan, kí wọ́n kí ara wọn.

Ẹnì kan dìde níbi àsè, ó ní kí a kọ́kọ́ lọ sí Aláùsá, kí a yẹ orúkọ olùtà wò nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, kí a gbé sọ́fè lọ sí ọ́fíìsì sáfíyọ̀ àgbà ìpínlẹ̀ bóyá ìjọba ti gba ibẹ̀, kí a tó sanwó. Ta nìyẹn? Ẹ mú un jókòó! Owó táṣẹ́rẹ́ ni owó àyẹ̀wò, a kì í sì fi táṣẹ́rẹ́ kí ọba. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ dénú a máa san owó ilẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Ọdún kejì ni wọ́n ń lọ ṣe àyẹ̀wò, lọ́jọ́ tí katakata dé.

Arìn-gbẹ̀rẹ̀ ọmọ ìfọwọ́sí gómìnà!
Owó ìfọwọ́sí nìyí.
Owó sítáńbù nìyí.
Owó ìforúkọsílẹ̀ nìyí.
Owó orí lórí èrè nìyí.
Ìwé ń gòkè, ìwé ń sọ̀kalẹ̀, ọmọ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rà ilé ti fẹ́ ìyàwó.
Ọgbọ́n rẹ pọ̀ ju ti ìjàpá lọ. Ní 1989, ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Wọ́n ti fi ilé dúró, wọ́n ti gba owó báńkì. Nígbà tí báńkì fẹ́ ta ilé náà, ẹni tó fi í dúró ní àdéhùn náà kò dúró, nítorí gómìnà kò fọwọ́ sí i. Ilé ẹjọ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, òfo ni. Ẹni tó yẹ kó lọ gba ìfọwọ́sí ló fi àìgbà rẹ̀ ṣe apata. Ìwọ lo rọ apata náà!

A-kọ́lé-gbowó, a-ṣílé-gbowó.
Owó ìwọlẹ̀.
Owó fandéṣọ̀n.
Owó dẹ́kìn.
Owó òrùlé.
Owó fẹ́ǹsì, kí olè má bàa wọlé.
Òfin ìdáàbòbò dúkìá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2016 ní ẹni tó bá fipá gba ilé onílé lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 jura. Ọmọ onílẹ̀ rẹ gbọ́, wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún òfin. Wọn kò gba owó fandéṣọ̀n mọ́. Owó ọtí àwọn ọmọ ni wọ́n ń gbà báyìí, iye rẹ̀ kò yàtọ̀.

Adé orí ẹni tó wà lókè òkun, ìwọ ni. Ọmọ wa ń ṣiṣẹ́ àṣemọ́jú ní Peckham, ó ń fowó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé. Ẹ̀gbọ́n ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp: ìpìlẹ̀ rèé, dẹ́kìn rèé, òrùlé rèé, àbúrò mi, ilé rẹ mà dára o. Ó délé ní Disẹ́ńbà, ó bá ilé náà gẹ́lẹ́ bó ṣe wà nínú fọ́tò. Ó tún bá onílé rẹ̀ níwájú ilé, tó ń fọ ọkọ̀. Ìwé Ilẹ̀, ìwọ lo mú àwọn àlejò méjì di ojúlùmọ̀!

Ẹjọ́ rẹ kì í kú. Bàbá pè é, ọmọ ń jẹ́ ẹ. Lọ́yà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti di àgbàlagbà, adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ti fẹ̀yìn tì, fáìlì rẹ̀ ti pọ́n bí ewé àgbàdo gbígbẹ. Bí o bá sì wá fi ojú rere wo ẹnì kan, tí o fún un ní C of O (ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ ilẹ̀) tòótọ́, ọdún 99 lo fún un. Ọdún kan péré ló kù kó pé ọgọ́rùn-ún, o fi èyí pamọ́ kí ó má bàa gbéra ga.

Èmi kọ́ ni mo mọ oríkì rẹ jù lọ. Àwọn onílé Èkó ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n rìnrìn àjò ọjọ́ méjì péré, wọ́n dé bá àlejò tó ń fi téèpù wọn pálọ̀ wọn. Látọjọ́ náà ni wọ́n ti gbé búrọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ti bọ ọ́ sínú ọ̀dà pupa, tí wọ́n kọ oríkì rẹ sára ògiri gàdàgbà gàdàgbà. Ó wà ní Sùúrùlérè, ó wà ní Muṣin, ó wà ní Ìkòròdú: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ.

Inú ilé náà gan-an ni ẹni tó kọ ọ́ ń gbé.