Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìyálọ́jà Dúútì-Fírì

Ẹ̀yin Ìyálọ́jà wa ní pápákọ̀ òfurufú,

Ajé á wọ igbá, ẹ ò ní ta àwìn fún ẹni tí kò ní san. Ká sòótọ́, àdúrà tó gbẹ̀yìn yẹn ò kàn yín, torí ẹ̀yin kì í ta àwìn rárá. Ẹ kì í jẹ́ ká ná ọjà, síbẹ̀ èrò kì í dá lọ́jà yín. Mo ti ń wò yín tipẹ́, mo wá ní kí n kọ̀wé kí yín, kí n sì fi yín ṣẹ̀fẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí ọjà rẹ̀ bá ń tà tó báyìí, ó yẹ kó lè gba ẹ̀fẹ̀.

Orí rere lẹ gbé wáyé. Àwọn ìyálọ́jà yòókù ní Bódìjà ń pe oníbàárà títí ọ̀fun wọn á fi gbẹ. Tiyín yàtọ̀, ìjọba ló ń bá yín kó oníbàárà wá. Wọ́n á ní kó bọ́ bàtà, kó tú ìgbànú, kó da ẹrù ọwọ́ rẹ̀ sínú tíréè. Wọ́n á gba ike omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu lẹ́ẹ̀kan péré, ó di inú garawa ìdọ̀tí. Kó tó so ìgbànú tán, ìsọ̀ yín ti là sílẹ̀ gbayawu níwájú rẹ̀, torí pé àárín ìgò lọ́fíńdà ni ọ̀nà ìdí bàálù gbà kọjá. Ọmọge kan á ti fín díẹ̀ sí i lọ́rùn ọwọ́ kó tó rántí pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Omi náà rèé lórí àtẹ yín, ó tutù nini. Iye tí ẹ kọ sí i ńkọ́? Ojú ń ti ni láti kà á sókè.

Mi ò sọ pé olè lẹ o. Ìpìlẹ̀ ọjà yín mọ́. Ní 1947 ni Brendan O'Regan ṣí àkọ́kọ́ irú ìsọ̀ yìí, tí wọn kì í gba owó ibodè lórí ọjà rẹ̀, ní Shannon, lórílẹ̀-èdè Ireland. Bàálù tó ń ré Òkun Àtìláńtíìkì kọjá nígbà náà kì í lè dé ibi tó ń lọ láìdúró rọ epo, Shannon sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń rọ ọ́. Àwọn èrò á máa rìn kiri títí epo á fi kún. Wọ́n ti jáde ní ìlú kan, wọn ò tíì wọ òmíràn. Oníbodè wo ló wá fẹ́ gbowó lọ́wọ́ wọn? Ọgbọ́n gidi nìyẹn. Àwọn baba wa tó ń sanwó ibodè láti ìlú dé ìlú ì bá yin ẹni tó gbọ́n ọn.

Ṣùgbọ́n ohun tó sọ yín di ọlọ́jà tí ẹnikẹ́ni ò lè yà fún ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ, 2006. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù kéde pé ọwọ́ àwọn ti tẹ àwọn kan tó fẹ́ rọ ohun olómi tó ń bú gbàmù sínú ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kí wọ́n fi já àwọn bàálù tó ń lọ sí Amẹ́ríkà lulẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, ẹrù ọwọ́ dèèwọ̀ nínú bàálù ní Bìrìtéènì. Pásípọ́ọ̀tù, àpò owó àti ìwọ̀nba ohun kéékèèké ló kù téèyàn lè mú dání, nínú ọ̀rá tó mọ́ gaara. Ìyá ọlọ́mọ gbọ́dọ̀ tọ́ mílíìkì ọmọ rẹ̀ wò lójú ẹ̀ṣọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá, Yúróòpù gbé òfin 100 mìlílítà kalẹ̀: ike kankan ò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ gbà sínú ọ̀rá kan ṣoṣo tí kò ju lítà kan lọ.

Òfin yìí ò mọ ẹ̀bẹ̀. Mo rí màmá kan tó gbé ike òrí dání, ó ti lò ó kọjá ìlàjì. Ó ní òrí ni, kì í ṣe omi. Ẹ̀ṣọ́ yí ike náà dojú dé, ó tọ́ka sí nọ́ńbà tó wà nídìí rẹ̀: 250. Màmá ṣí i, ó ní, “Wò ó, ìsàlẹ̀ ló kù sí.” Ẹ̀ṣọ́ mirí. Ìwọ̀n ike ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ohun tó kù nínú rẹ̀, wọ́n sì ka òrí, oyin àti ata díndín mọ́ omi. Ni màmá bá ti ìka bọ òrí, ó fi pa apá, ó fi pa ọrùn, ó ní òun ò ní fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Kò pẹ́ sígbà náà tó fi dé iwájú àtẹ yín, tí ẹ ń fi ìpara olówó gọbọi hàn án.

Ọ̀rọ̀ owó yìí gan-an ni mo fẹ́ bi yín. Owó orí tí ẹ ní ẹ yọ kúrò lórí ọjà, ta ló ń jẹ ẹ́? Ní 2015, àṣírí tú ní Bìrìtéènì pé báwọn ìsọ̀ kan ní pápákọ̀ òfurufú ṣe ń béèrè páàsì ìwọkọ̀ lọ́wọ́ oníbàárà, kì í ṣe tìtorí ààbò. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó ń jáde kúrò ní Yúróòpù ni, kí wọ́n lè gba owó orí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún padà lọ́dọ̀ ìjọba. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì dín kọ́bọ̀ fún ẹni tó rajà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, 2021, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Skọ́tlándì àti Wélsì, ọtí àti sìgá nìkan ni àǹfààní yìí tún kù fún nínú ìsọ̀ yín. Lọ́fíńdà, aṣọ àti ẹ̀rọ ti ń san owó orí bíi ti ìsọ̀ ìgboro. Síbẹ̀, èèyàn wa á ra lọ́fíńdà, á ní dúútì-fírì lòun ti rà á, á sì máa yan. Ẹ mọ iye tí iyì yẹn ń pa wọlé fún yín.

Ẹ tún ń pariwo pé ẹni tó bá ra ìgò ọtí méjì, ẹ ó fún un ní ẹ̀kẹta lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń lọ sí Amẹ́ríkà, lítà ọtí kan péré ni wọ́n gbà kó mú wọlé láìsanwó ibodè, ó sì gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 21. Bìrìtéènì ló lawọ́ díẹ̀, lítà ọtí líle mẹ́rin. Mi ò rí ibi tí ẹ kọ ìyẹn sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkéde yín.

Èyí tí mi ò lè fi ṣẹ̀fẹ̀ ni ti ẹni tó ń pààrọ̀ bàálù lọ́nà. Lítà wísikì kan kì í ṣe 100 mìlílítà. Ohun tó ń jẹ́ kó kọjá ni ọ̀rá tí ẹ máa ń lẹ̀ pa, tó pupa létí, tí rìsíìtì hàn nínú rẹ̀. Bí oníbàárà bá ṣí i kó tó délé, ọ̀rọ̀ bùṣe. Títí di oṣù kìíní 2014, bí ẹ tilẹ̀ lẹ̀ ẹ́ pa, ìgò tí wọ́n rà ní Èkó, Frankfurt ní Jámánì ló máa ń parí ìrìn àjò rẹ̀ sí bí ẹni tó ni ín bá tún fẹ́ wọ bàálù míì níbẹ̀. Lóde òní, wọ́n á yẹ ọ̀rá náà wò, wọ́n á sì jẹ́ kó kọjá tó bá ṣì dì. Ẹni tó bá balẹ̀ sí Atlanta ní Amẹ́ríkà tó tún ń lọ sí Houston, Atlanta ló ti máa gba àpótí ńlá rẹ̀, kó tó tún gba iwájú ẹ̀ṣọ́ kọjá. Àpótí yẹn ló yẹ kó ti ìgò náà bọ̀, kó tó dá a padà fún wọn. Ta ló ń sọ fún un?

Ẹ̀rọ ayẹ̀rùwò tuntun ti dé báyìí, tó lè mú òfin 100 mìlílítà kúrò. Pápákọ̀ Edinburgh ní Skọ́tlándì ti ń gba ike tó tó lítà méjì láti oṣù keje 2025. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìyẹn, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, 2024, Yúróòpù ti dá àwọn pápákọ̀ tó ti gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọlé padà sí 100 mìlílítà fún ìgbà díẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ìlú kan gbà fúnni, ìlú kejì lè gbà á lọ́wọ́ ẹni. Bí omi bá ti ń bá olówó rẹ̀ wọlé, tiyín lè má tà mọ́. Ẹ má fòyà, ọmọ Yorùbá kì í délé lọ́wọ́ òfo. Ọjà yín á ṣì máa tà.

Nítorí náà, ohun kan ni mo ń bẹ̀ yín fún. Kí ẹ tó gbowó, ẹ bi oníbàárà pé: “Ṣé bàálù yìí lẹ máa wọ̀ délé, àbí ẹ máa pààrọ̀ lọ́nà?” Bó bá máa pààrọ̀, ẹ lẹ ọ̀rá náà pa dáadáa, ẹ kìlọ̀ fún un kó má ṣí i, ẹ sọ iye ìgò tí ibi tó ń lọ gbà. Tí ẹ ò bá lè sọ ọ́, ẹ má tà á fún un.

Èmi ni tiyín,
Oníbàárà tó máa ń wo iye kó tó gbé ọwọ́ lé ọjà.