Oríkì Oníbàárà, Ọba Tí Kò Wọ Ìpèbí

Ẹ ní kí onílù rọra. Ẹ ní kí àwọn tó tò sórí ìlà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kábíyèsí ń bọ̀ lábẹ́ agboòrùn POS wa ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, ó sì ti ń bínú kó tó dé.

Oníbàárà, a-fọwọ́-ara-rẹ̀-dé-adé!
Ọmọ A-wọlé-má-kí-ẹnikẹ́ni,
Ọmọ Kí-lẹ-ti-ń-ṣe-látàárọ̀.
A-lu-tábìlì-bí-ẹni-ń-lu-bẹ̀ǹbẹ́,
A-pòṣé-kó-tó-jókòó.
Ó bá ẹni mẹ́fà níwájú, ó ní òun ń kánjú;
Ó bá ẹnì kan ṣoṣo, ó ní kí ló dé tí èrò fi pọ̀ báyìí.
Ìlà ni tiwa, iwájú ni tirẹ̀.
Aláṣẹ, èkejì máníjà!

Nílẹ̀ yìí, ẹni tí yóò jọba a máa wọ ìpèbí. Wọ́n á mú un kúrò lójú ayé, wọ́n á kọ́ ọ ní ìtàn ìlú àti èèwọ̀ oyè, wọ́n á kọ́ ọ bí ọba ṣe ń rìn àti bí ọba ṣe ń sọ̀rọ̀. Kábíyèsí tiwa, orí ọ̀kadà ló ti gorí ìtẹ́. Ìpèbí rẹ̀ kò ju àkókò tó fi wá káàdì lápò lọ. Kì í sì í ṣe Ọ̀yọ́ Mèsì ló fi í jẹ. Òkè òkun làwọn afọbajẹ rẹ̀ wà. Harry Gordon Selfridge, ará Amẹ́ríkà tó ṣí ilé ìtajà ńlá sí Oxford Street ní London lọ́dún 1909, wà lára àwọn tí wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ náà sí lọ́rùn, pé oníbàárà kì í jẹ̀bi. César Ritz, onílé ìtura, ní irú rẹ̀ tó ń sọ ní èdè Faransé. Oníṣòwò ni wọ́n, wọ́n fẹ́ tajà. Wọn ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà á rìn dé Dùgbẹ̀, á sì di adé lórí ẹni tó fẹ́ gba ₦2,000.

Àwọn ará Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́ gbọ́n ju àwọn oníṣòwò yìí lọ. Wọ́n fi Aláàfin jẹ, wọ́n sì tún fi igbá òfìfo pamọ́ sọ́wọ́ Baṣọ̀run, olórí Ọ̀yọ́ Mèsì. Ọba tó bá kọjá àyè rẹ̀, wọ́n á gbé igbá náà fún un, òun náà á sì mọ̀ pé ayé ti kọ òun. Ẹ sọ fún mi, igbá wo lọmọ tó jókòó ti POS fẹ́ gbé fún Kábíyèsí yìí? Bó bá ṣèèṣì wò ó lójú, ó di, "Ọ̀gá ẹ dà?"

Ẹ wá wo ọba níbi tó ti ń dájọ́. Káàdì wọ inú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ní kò lọ, fóònù Kábíyèsí sì dún pé owó ti jáde. Owó ọ̀hún kò sí lọ́wọ́ ọmọ náà. Ó ti há sáàárín báńkì Kábíyèsí àti báńkì ẹni tó ni ẹ̀rọ, ó sì lè di ọ̀la tàbí ọ̀túnla kó tó padà. Ọmọ náà ṣàlàyé títí, ó kúnlẹ̀ ṣàlàyé. Kábíyèsí ní òun ò gbọ́ gírámà, kó ka owó òun fún òun. Bó bá kà á nítorí ìtìjú, tí owó sì dín lálẹ́, ọ̀gá rẹ̀ kò ní í bi í pé ta ló pariwo mọ́ ọn. Inú owó oṣù rẹ̀ ni yóò ti yọ ọ́.

Ní Disẹ́ḿbà 2024, Báńkì Àpapọ̀ ní ẹnì kan ò gbọdọ̀ gbà ju ₦100,000 lọ lójúmọ́ lọ́dọ̀ àwọn aṣojú báńkì bí oníPOS, pé aṣojú kan ò sì gbọdọ̀ san ju ₦1,200,000 jáde lójúmọ́. Àbújá ni wọ́n ti kọ ìwé yẹn. Kábíyèsí ò bá Àbújá jà o. Ọ̀nà jìn, ẹ̀ṣọ́ sì wà lẹ́nu géètì ibẹ̀. Ọmọ orí bẹ́ńṣì ló bá jà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí wọ́n kó náírà àtijọ́ nílẹ̀ tí tuntun ò sì tó jáde: àwọn tó ṣòfin wà nínú afẹ́fẹ́ tútù, akáwó ẹnu káńtà ló ń gba èébú. (Òótọ́ ni pé àwọn oníPOS kan sọ ìnira yẹn di oúnjẹ, owó tí wọ́n ń gbé lé owó nígbà náà kò ṣeé gbọ́ sétí. Ṣùgbọ́n oríkì wọn kọ́ là ń kì lónìí.)

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá gbóná tán ni Kábíyèsí máa ń béèrè ìbéèrè tó ń mú oúnjẹ wọlé fún akéwì: "Ṣé o mọ̀ mí ni?"

A mọ̀ yín kẹ̀!

Ọmọ Ẹ-jọ̀ọ́-sà níwájú ọlọ́pàá,
Ọmọ Ìwọ-ọmọ-yìí níwájú oníṣẹ́.
A-wólẹ̀-lọ́fíìsì, a-dìde-ní-búkà.
Ọ̀gá pariwo mọ́ ọn láàárọ̀,
Ó tọ́jú ariwo náà fún alámàlà lọ́sàn-án.
Ọmọ Ẹ-bu-gbẹ̀gìrì-kún-ewédú,
Ọmọ Ẹ-wá-ẹran-tó-lójú, ọmọ Ẹ-fi-èénì-sí-i,
A-lá-abọ́-tán-kó-tó-mọ̀-pé-ọbẹ̀-kò-dùn!

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, nítorí ó jẹ́ iṣẹ́ akin. Kábíyèsí jẹ àmàlà, ó jẹ ṣàkì, ó fa ọ̀rá inú eegun, ó fi ìka nu abọ́ títí abọ́ fi ń dán. Ó wá nu ẹnu, ó ké sí olóúnjẹ: "Ìyá, iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ yìí. N ò ní í sanwó ẹran." Ìyá tó ti bí ọmọ tó dàgbà jù ú lọ sì dá a lóhùn pé, "Ẹ má bínú, ọ̀gá mi."

N ò ní í pẹ́ lọ́dọ̀ aránṣọ. Níbẹ̀, Kábíyèsí gbé aṣọ yáàdì mẹ́ta dé lọ́jọ́bọ̀ fún òde Sátidé, ó sì fi fọ́tò ẹni tó lo yáàdì méje hàn. Aránṣọ náà ní oríkì tirẹ̀, tó gùn ju èyí lọ, tó sì kún fún "ẹ padà wá lọ́la".

Adé yìí ò ní orí kan pàtó. Ọmọbìnrin POS wa ṣíwọ́ lálẹ́, ẹkún ò tíì gbẹ lójú rẹ̀, ó wọ máíkírà, ó ń lọ sí Mọ́níyà. Awakọ̀ ní kó ní sùúrù, òun ń wá ṣéńjì. Àfi gbàgà! "Ṣé mo fi ẹ́ ṣeré ni? Ṣéńjì mi dà? Ṣé o mọ̀ mí ni?" N ò mọ ibòmíì tí wọ́n ti ń jọba kíákíá báyìí.

Ó ku owó akéwì. Kábíyèsí, ẹ má wulẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi níwájú orí. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 kò fẹ́ kí wọ́n fi náírà ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì. Kábíyèsí yọ fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín lọ́hùn-ún, ó ní ó ti lọ. Mo wo fóònù tèmi, n ò rí álẹ́ẹ̀tì. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo ní ká jọ dúró dè é. Ojú Kábíyèsí yí: ṣé olè lòun jọ lójú mi ni? Oríkì ọ̀hún gan-an ò kún tó. N ò pe ìyá òun, n ò dárúkọ ilé bàbá òun, akéwì tó wà lábẹ́ afárá sì ń kì í ní ìdajì owó. Ó ní bí n bá máa gba iye yẹn, kí n kúkú fi èénì ìlà mẹ́rin sí i.