Wọ́n Ní Òtútù Ni

Ẹnu mi kọ́ lẹ ti gbọ́ ọ o. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti tóbi ju ohun tí èèyàn ń gbé mì lọ. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá mọ agbègbè Bauchi Road ní Jos, tó mọ Farin Gada, tó mọ Naraguta àti Angwan Rukuba, ẹ ní kó sọ fún yín bí àwọn ọmọ tí a rán lọ sí yunifásítì ṣe ń gbé níbẹ̀. Bó bá kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò kó tó dáhùn, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bẹ.

Kọ́pù láífù ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin kan, obìnrin kan, tí ìdílé kìíní kò mọ ìdílé kejì, tí ẹnikẹ́ni kò tí ì gbé iṣu ìdáná, tí bàbá ìyàwó kò tí ì gbọ́ orúkọ ọkọ rí, wọ́n á gba yàrá kan pọ̀, wọ́n á tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kan, wọ́n á gbé ìkòkò kan kaná. Ọmọkùnrin ń pe ọmọbìnrin ní Mọ́mì, ọmọbìnrin ń pè é ní Dádì. Ọmọ ogún ọdún! Olùkọ́ wọn ní kíláàsì ṣì ń pè wọ́n lórúkọ bí ọmọdé, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá délé, wọ́n ti di Dádì àti Mọ́mì. Háà!

Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, òtútù ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ. N kò jiyàn pé òtútù wà. Ìlú Jos wà lórí òkè tó fi nǹkan bíi 1,200 mítà ga ju ojú òkun lọ, bí ọyẹ́ bá sì dé ní oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní, òru ibẹ̀ kì í ṣe òru tí a mọ̀ ní Ìbàdàn. Ọmọ tó gbé kìkì búbá àti ìró dé ibẹ̀ yóò gbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n bùláńkẹ́ẹ̀tì kò wọ́n lọ́jà. Gwanjo, ìyẹn òkìrìkà tiwa, kún agbègbè Terminus bí iyanrìn, kóòtù òyìnbó tó nípọn ń bẹ níbẹ̀ lówó pọ́ọ́kú. Ta ló wá sọ fún wọn pé ènìyàn ni kí wọ́n fi bora?

Ẹ gbọ́ ti ìyá kan tí wọ́n ní ó gbéra láti Òṣogbo láìsọ fún ọmọ rẹ̀. Ó fẹ́ yà á lẹ́nu. Ó di gàrí, ó di èlùbọ́, ó dín ata sínú ike, ó tún kó tòmátì dání. Tòmátì lọ sí Jos! Ibi tí ọkọ̀ ti ń kó o wá fún wa. Ẹ máa wò ó bí ìfẹ́ ìyá ṣe ń ṣe. Ó fi gbogbo ọjọ́ jókòó nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó wọ Kẹ̀kẹ́ Napep, ó béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn mai ruwa, ìyẹn àwọn tó ń ta omi, tó ń ti ọmọlanke tí wọ́n to kẹ́ẹ̀gì omi sí, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó kànkùn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ṣílẹ̀kùn. Súwẹ́tà aláwọ̀ ewé tí ìyá fi owó àjọ rà fún ọmọ rẹ̀ nígbà tó wọlé ọdún kìíní ló wà lọ́rùn rẹ̀. Kì í ṣe èyí tó jọ ọ́ o. Bọ́tìnnì kan tí ìyá fi òwú pupa rán mọ́ ọn nítorí kò rí dúdú, ó ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà." Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ìyẹn gan-an ló dun ìyá jù.

"Ọmọ ta ni ẹ́?" 

Kó tó dáhùn, ọmọbìnrin ti ẹ̀yìn ilé yọ pẹ̀lú garawa omi, garawa bọ́, omi dànù. Ó ní, "Mọ́mì, kọ́síìnì rúùmù-méètì mi ni." Ìyá kò fèsì. Ó wo okùn tí wọ́n sá aṣọ sí, pátá ọkùnrin mẹ́rin ló tò lé ìró ọmọ rẹ̀. Ó wọlé. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọnu méjì nínú ife kan, bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo, kò sí ohun tó jọ rúùmù-méètì níbì kankan. Kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ onígbàgbọ́ ni wọ́n gbé kọ́ ògiri, ọ̀rọ̀ ìwà mímọ́ ni wọ́n kọ gàdàgbà sí i. Wọ́n ní ọmọkùnrin náà tilẹ̀ wà lára àwọn tó ń gba àwo ọrẹ níbẹ̀. Olúwa, ṣàánú.

Ẹkún kọ́ ni ìyá sun. Obìnrin oníṣòwò ni, owó ló béèrè. "Ta ló ń san owó ilé yìí?" Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú pátápátá. Ìyá ti san owó ilé ọdún kan gbáko láti Òṣogbo. Bàbá ọmọkùnrin náà, ní tirẹ̀, ti fi owó ilé ọdún kan gbáko ránṣẹ́ sí ọmọ tirẹ̀. Ilé méjì ni òbí méjì san owó rẹ̀, yàrá kan ni wọ́n gbà. Owó kejì ni tẹlifíṣọ̀n fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lára ògiri, òun náà ni sílíńdà gáàsì, òun náà ni fóònù tuntun. Àwọn tó ń sọ fún wa pé owó ilé tó gbówó lórí ló jẹ́ kí wọ́n máa gbé pọ̀, kí wọ́n wá gbọ́ o.

Ẹ má sì jẹ́ ká di ẹ̀bi náà ru ọmọbìnrin nìkan, bí a ṣe máa ń ṣe. Ẹnu gbogbo wa á gbóná lé e lórí pé kò nítìjú. Ọkùnrin tó ń jẹ ẹ̀bà tí kò san kọ́bọ̀ kan lórí rẹ̀, tí wọ́n ń fọ aṣọ rẹ̀, tí wọ́n ń pọn omi fún un kó tó lọ gba lẹ́kíṣọ̀, ṣé òun ló nítìjú? Mo gbọ́ ti ọ̀kan tó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò ni ìyàwó ọ̀fẹ́ rẹ̀ pẹ́ dé họ́ọ̀lù, nítorí ó ń sun iṣu fún un. Òun ti jókòó, ó ti ń kọ̀wé ní tirẹ̀. Ọ̀dájú!

Àwọn onílé ńkọ́? Àwọn náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n tí owó ọdún kan bá ti pé, ojú wọn á fọ́. Kiatékà á máa kí ọmọdébìnrin ní "Madam" kí ó lè rí owó ẹ̀gúnjẹ tirẹ̀ gbà.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní Jos ní 1971, títí tí ẹ̀ka náà fi di yunifásítì tó dá dúró ní 1975, ọmọ Yorùbá tó bá lọ síbẹ̀ ń bá èèyàn nílẹ̀. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti wà ní Jos láti ayé ìwakùsà tánńganran, wọ́n ti tajà, wọ́n ti kọ́lé, wọ́n ti ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Òbí á kọ lẹ́tà lé ọmọ lọ́wọ́ pé, "Ọmọ mi ló ń bọ̀ yìí, ẹ bá mi fojú sí i." Ìyá kan á sì wà tí yóò fojú sí i lóòótọ́. Ẹ mọ irú ìyá bẹ́ẹ̀: ó lè tẹríba máa ṣa ìrẹsì, kó sì mọ iye ìgbà tí géètì dún lóru. Lónìí, ẹ̀jẹ́ńtì ilé lórí fóònù ni ìyá wọn, owó kọmíṣọ̀n nìkan ló mọ̀.

Mo mọ èsì tí àwọn ọmọ náà máa fọ̀, wọ́n á ní ẹ̀rù ni. Lórí ìyẹn, mo fún wọn ní ìdajì. Rògbòdìyàn oṣù Kẹsàn-án 2001 àti àwọn tó tẹ̀lé e pín àdúgbò Jos sí ti Kìrìsìtẹ́nì àti ti Mùsùlùmí, kì í ṣe gbogbo ibi tó súnmọ́ yunifásítì ni gbogbo ọmọ lè gbé mọ́. Ọmọbìnrin kò fẹ́ dá sùn nírú ìlú bẹ́ẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ṣé kò sí obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó lè bá a gbé?

Ẹ̀rù yẹn náà ló sì tú àṣírí àwọn kan. Ní oṣù Kẹjọ 2021, lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn arìnrìn-àjò ní Rukuba Road, ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé, oríṣiríṣi ìpínlẹ̀ sì rán ọkọ̀ wá kó ọmọ wọn. Ọ̀rọ̀ ikú kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́, n kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìpínlẹ̀ kò mọ kọ́pù. Ọmọ ìpínlẹ̀ yìí, ọkọ̀ yìí; ọmọ ìpínlẹ̀ tọ̀hún, ọkọ̀ tọ̀hún. Wọ́n ní àwọn kan so mọ́ra lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ kó lọ sógun. Òbí tó sì pe ọmọ rẹ̀ lágogo márùn-ún ìdájí láti mọ̀ bóyá ó wà láyé, tó jẹ́ ohùn ọkùnrin ló kí i ní "Hẹ́lò," ẹ̀rù méjì ló bà á láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ìparí kọ́pù láífù ńkọ́? Bí wọ́n bá jà, wọ́n á pín igbá pín àwo, ní tòótọ́, kì í ṣe lówe. Wọ́n sọ ti àwọn méjì kan tó gbé ìjà dé ọ̀dọ̀ kiatékà nítorí sílíńdà gáàsì: ọmọkùnrin ní òun ló ra sílíńdà, ọmọbìnrin ní òun ló ra gáàsì inú rẹ̀. Kiatékà ní kí wọ́n se oúnjẹ títí gáàsì yóò fi tán, kí wọ́n wá pín in. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì sí i jẹun pọ̀, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìkọ̀sílẹ̀ láìsí ìgbéyàwó, mo gbàgbọ́ pé kò sí lọ́yà tó ti kàwé débẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tó ní ọmọ ní Jos, tàbí ní ibikíbi lókè Ọya, ẹ gba nọ́ńbà onílé lónìí. Ẹ má fi owó ilé sí àkáǹtì ọmọ mọ́, onílé ni kí ẹ san án fún, kí ó fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí yín. Kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀, ẹ bi í pé ta ni àwọn tó ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà.