Kóòṣì, Dìde Ńlẹ̀

Tírẹ́dímìlì tòkunbọ̀ méjì ni mo fi owó àjọ mi rà l'Ékòó. Mo gbé wọn gun pẹtẹ́ẹ̀sì ilé kan l'Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, mo sì kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà pé jíìmù ti dé. Amẹ́ríkà ni ẹ̀rọ náà ti wá. Ẹni tó tà á fún mi kò tàn mí jẹ rárá. Wọ́n kọ 120V sí ẹ̀yìn rẹ̀ ketekete, èmi ni mo pè é ní nọ́ńbà ẹ̀rọ. Iná tiwa, lọ́jọ́ tó bá wù ú láti wá, 230 ló ń gbé bọ̀. Lọ́jọ́ tí a máa ṣí ibẹ̀, mo pe pásítọ̀, mo sì pe ààfáà mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo ṣe ojúsàájú. Wọ́n gbàdúrà tán, mo tan ẹ̀rọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà kó lè dùn ún wò. Gbàù! Èéfín bo ilé. Pásítọ̀ ló kọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀, ààfáà ṣìkejì, èmi ni mo gbẹ̀yìn torí pé mo ń wá bàtà. Oníná tó wá tú u wò ní tíránsífọ́mà tó ń dín agbára iná kù ni ǹ bá fi sí i. Mo béèrè iye rẹ̀. Kò tó owó jọlọ́ọ̀fù tí mo fi ṣe àlejò.

Ó wá ku ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ orin àti ẹnu mi. Àwọn ìyá àdúgbò ní kí n máa kọ́ àwọn ní eré ìdárayá láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ sọ́jà. Inú fídíò Amẹ́ríkà ni èmi ti kọ́ṣẹ́, níbi tí kóòṣì ti ń jágbe mọ́ oníbàárà tó sanwó fún un. Èmi náà jágbe: "Ó yá, lọ sílẹ̀! Má dúró! Ìwọ tó wà lẹ́yìn yẹn, gbé ẹsẹ̀ ẹ sókè!"

Ìwọ tó wà lẹ́yìn ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí. Aṣọ ló ń tà lọ́jà Gbági. Ó gbé ẹsẹ̀ tó ti gbé sókè náà sílẹ̀ jẹ́ẹ́, ó ní, "Ọmọ ilé ibo ni ẹ́?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí, àmọ́ ọgbọ́n tún sọ sí mi nínú: níwọ̀n ìgbà tí mo ti wà nílẹ̀, kí n kúkú fi púṣọ́ọ̀pù hàn wọ́n. Mo gbé àyà sókè, mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo tún gbé e sókè.

"Ó ti tó, dìde ńlẹ̀, mo ti gbọ́," ni Ìyá Gbági wí. "O ò ní kábàámọ̀." Àwọn yòókù ṣe àmín.

Mo tún lọ sílẹ̀. Wọ́n tún ṣàdúrà: ọmọ rere, ilé tuntun, mọ́tò tí kò ní pa mí. Àdúrà tí mo gbà láàárọ̀ ọjọ́ náà pọ̀ ju òógùn lọ. Ìgbà tí mo wá ní ó kan àwọn náà, wọ́n ń wojú ara wọn. Ta ló rí obìnrin tó ń dọ̀bálẹ̀? A bá fẹnu kò sí i pé kí wọ́n kúnlẹ̀ ṣe é, ó sì tún yọrí sí rere, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn kóòṣì tó mọṣẹ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí apá rẹ̀ kò tíì lágbára. Láti ọjọ́ náà ni àṣẹ mi ti di ẹ̀bẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa lóṣòó díẹ̀. Ó ku méjì péré mà. Ẹ má bínú."

Ti owó ló wá burú jù. Oṣù kìn-ín-ní, lẹ́yìn ìrẹsì Kérésì, kò sẹ́ni tí kì í ronú pìwà dà. Mo lo àǹfààní yẹn: san ti oṣù mẹ́fà, kí o fi ṣe ọdún kan. Wọ́n tò. Mo fi owó náà ra jẹnẹrétọ̀ àti dígí ńlá, mi ò mọ̀ pé gbèsè ni mo ń ná. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde lọ́jọ́ ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Bẹntiróòlù tí lítà rẹ̀ kò tó ₦200 fò dé nǹkan bíi ₦500. Mi ò lè fowó lé owó ẹni tó ti san tirẹ̀ tán.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ṣì ń bò mí láṣìírí: púpọ̀ nínú wọn ti dẹ́kun wíwá. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ẹni tó sanwó tó sùn sílé ló ń bá èèyàn san owó ilé. Èmi ń kọ́? Mo gbé fóònù, mo ń pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan. "Ṣé kò sí o? A ò gbúròó yín mọ́." Orí wọn wú. Gbogbo wọn ya wọlé láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, a há bíi ẹja inú agolo. Ẹnì kan na ọwọ́, ó gbá ẹnì kejì létí. Àwọn tó ń san tiwọn lójoojúmọ́ yọjú, wọ́n padà sílé. Nígbà tí a fò sókè pọ̀, símẹ́ǹtì jábọ́ láti àjà ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó wà nísàlẹ̀, ó bọ́ sórí léèsì ìyàwó. Èmi ni mo ra òmíràn.

Ìyá Gbági pè mí sí kọ̀rọ̀. "Kóòṣì, ta ló kọ́ ẹ lọ́jà? Ta ní í gba owó ọdún kan lọ́wọ́ ẹni tó ń pa owó lójoojúmọ́?" Ó ya káàdì bíi ti alájọ: ₦500 láàárọ̀, kó o tó wọlé. Ó ní kí n pa jẹnẹrétọ̀, kí n ṣí fèrèsé, àwọn á máa dá orin fúnra àwọn. Ó wo ọmọ òyìnbó tín-ín-rín tó wà lára pátákó mi, ó béèrè bóyá wọn kì í fún un lóúnjẹ. Àwòrán òun fúnra rẹ̀ ló fi rọ́pò, pẹ̀lú gèlè. Ọ̀sẹ̀ kejì ni àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wá.

Òun náà ló ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá pẹ́: ₦200. Láàárọ̀ kan tí òjò dá mi dúró, ó pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́. Mo ní, "Mà, èmi ni mo ni ibí." Kò gbé ọwọ́ náà kúrò. Mo fún un ní ₦500, mo ń retí ṣéńjì. Ó ṣí ìwé, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Kóòṣì ti san ti òní àti ti ọ̀la, ó ku ₦100 lórí ti ọ̀túnla.