Ọ̀tá Pa Mí, Ará Ilé Bú Mi

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ àwọn ọmọ yìí o. Wákàtí méjìlá ni mo fi dúró nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yọ́ ike, mo tún há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lábẹ́ afárá Dọ́pẹ̀mú. Mo délé, mo jẹ ẹ̀bà, mo na ẹsẹ̀, mo ṣí Call of Duty Mobile. Mi ò mutí, mi ò ta tẹ́tẹ́. Kí n má tún yìnbọn?

Láti ọdún 2019 tí géèmù yìí ti jáde, àwọn tó ń du ipò ní ojú ìjà tiwọn, láti Rookie títí dé Legendary. Àwa tá a kàn fẹ́ fi najú ní tiwa, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í gbapò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tiwa ni mo máa ń wọ̀. Kí ni ẹni tó ti dé Legendary wá ń wá níbẹ̀?

Ẹni márùn-ún ló ń kojú ẹni márùn-ún. Tó bá jẹ́ Search and Destroy, ẹni tó bá kú ti di òǹwòran nìyẹn títí abala náà á fi parí. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àwọn mẹ́rin tèmi kú tán, ó ku èmi nìkan. Ni òkú bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀! "Òsì! Òsì!" Kí n tó mọ̀ bóyá ọwọ́ òsì ni wọ́n ń pè àbí òṣì ni wọ́n fi ń bú mi, ìbọn ti dún.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá nọ́ọ̀bù! Ẹ pa fóònù, ẹ lọ sùn!"

Ẹ gbọ́, ó fi "ẹ" sí i. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni.

Nídìí ayò, ọ̀ta máa ń bú òpè, a mọ̀. Ihò 12, ọmọ ayò 48, ó jẹ ẹ́ tán, ó fi í ṣẹ̀sín, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó kọjú sí i ló ń bú. Ẹni tó yìnbọn pa mí kò sọ nǹkan kan. Ará ilé mi ló ń bú mi, lórí dátà tí mo fowó ara mi rà, lẹ́yìn tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ nílẹ̀ wa, ti fọwọ́ sí i ní oṣù Kìíní ọdún 2025 pé kí owó rẹ̀ gòkè tó ìdá 50 nínú 100!

Ó ń bú mi lọ́wọ́ ni mo gbọ́ oníbúrẹ́dì nínú máìkì rẹ̀: "Búrẹ́dì Agége!" Mo tún gbọ́ ọ lójú fèrèsé mi. Ohùn kan náà. Jẹnẹrétọ̀ ilé wa húkọ́, ti inú fóònù náà húkọ́. Mo yọ okùn kúrò létí. Èébú náà ń gba ara ògiri wọlé bọ̀.

Ọmọṣẹ́ wẹ́dà tó wà ní yàrá kejì ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Ẹ kú àárọ̀ sà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Mo ní a dúpẹ́. Mo ní kó bá mi pọn omi. Kẹ́ẹ̀gì méjì ni mo máa ń lò. Mo gbé mẹ́fà jáde.