Ìgbìmọ̀ Jókòó Lórí Ìtọ̀ Àdán

Àlọ́ o!
Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, kò balẹ̀ sórí Ìjàpá lónìí. Ó ré kọjá òkun, ó balẹ̀ sórí Àdán, ọmọ ilé-ìwé ní Gloucester, ìpínlẹ̀ Virginia, ní Amẹ́ríkà. (Ìjàpá ń bọ̀ ṣá. Ibi tí owó bá wà, ta ló ń ránṣẹ́ pè é?)

Àlọ́ kì í ní ọdún, ṣùgbọ́n tèmi ní: 2014 ni. Ṣáájú ìgbà yẹn, lọ́jọ́ tí wọ́n bí Àdán, akọ̀wé wo ẹnu rẹ̀, ó rí eyín, ó kọ "eku" sínú ìwé. Àdán dàgbà, ó na apá, ó ní ẹyẹ lòun. Ìyá rẹ̀ mú un lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Ọ̀gá ní kò burú, kí ó máa bá àwọn ẹyẹ lo ilé ìtọ̀ wọn. Ó lò ó tó bí ọ̀sẹ̀ méje. Ìtọ̀ ń lọ, ìwé ń lọ, igi kankan kò wó.

Àfìgbà tí Odídẹrẹ́ gbé ọ̀rọ̀ dé ọjà. Ìlú gbóná. Ògòǹgò, tí ẹyin rẹ̀ kò tí ì pa, sáré wá sọ̀rọ̀ nítorí àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n pe ìpàdé ìgbìmọ̀ ilé-ìwé, Erin jókòó sí ipò alága. Alàgbà kan dìde, ó ní irú ọmọ yìí kò yàtọ̀ sí ẹni tó rò pé ajá lòun, tó fẹ́ máa tọ̀ sára ẹ̀rọ omi àwọn panápaná. Ibí yìí kì í ṣe àlọ́ mọ́ o! Ẹnu ènìyàn ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde ní ìpàdé gidi, nínú oṣù Kejìlá ọdún 2014, ó sì wà nínú àkọsílẹ̀ ilé-ẹjọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n sọ ọ́ sí, Gavin Grimm lorúkọ rẹ̀. Obìnrin ni wọ́n kọ fún un nígbà ìbí, òun ní ọkùnrin lòun.

Ajá, tó jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́yìn, nawọ́ sókè: "Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Àdán ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà sọ tẹnu òun. Ó gun orí àga, ó fi orin sí i:

Lílé: Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ gbọ́ o,
Ègbè: Fẹ̀ẹ̀rẹ̀-ǹ-fẹ́!
Lílé: Ìtọ̀ ló ń gbọ̀n mí o,
Ègbè: Fẹ̀ẹ̀rẹ̀-ǹ-fẹ́!
Lílé: Ìwé ni mo wá kà o,
Ègbè: Fẹ̀ẹ̀rẹ̀-ǹ-fẹ́!
Lílé: Ẹ jẹ́ n yà, kí n tètè dé,
Ègbè: Fẹ̀ẹ̀rẹ̀-ǹ-fẹ́!

Ègbè náà dùn. Erin ń mi orí, Ẹfọ̀n ń janlẹ̀. Tẹrú tọmọ ló gbè é. Ohun tí ọmọ náà ń lé, etí kankan kò gbà á. Nígbà tí wọ́n dìbò, ẹni mẹ́fà ní kí ó padà sọ́dọ̀ àwọn eku tàbí kí ó wá ibòmíràn, ẹyọ ẹnì kan ló ní rárá.

N kò ní fi Àgbébọ̀ adìẹ ṣẹ̀sín o. Òun dìde ní tirẹ̀, ó ní, "Àwọn ọmọ mi ń tijú. Ta ni yóò bi àwọn náà léèrè?" Ìbéèrè gidi ni. Wọ́n sì pe Àkókó káfíńtà, ó gbé pákó ìdábùú ilé ìtọ̀ ga, ó dí gbogbo àlàfo tí ojú lè gbà wọlé. Kò gba ariwo. Ọ̀ràn ìtìjú parí lọ́wọ́ Àkókó, ìjà kò parí, nítorí àwọn tó ń jà kò bá ti ìtìjú wá.

Wọ́n tún kọ́ ilé ìtọ̀ kéékèèké mẹ́ta, wọ́n ní gbogbo ọmọ ló lè lò ó. Gbogbo ọmọ lè lò ó, Àdán nìkan ni kò lè ṣe aláìlò ó. Ojú tì í láti máa gba iwájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ìtọ̀ mọ́ra títí àìsàn fi mú un.

Ìgbà yìí ni Ìjàpá ọkọ Yánníbo dé. Láàárọ̀, ó lọ bá àwọn ẹyẹ: "Eku ń bọ̀ wá kó ìtẹ́ yín! Ẹ dáwó!" Nírọ̀lẹ́, ó lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ Àdán: "Wọ́n fẹ́ gé apá ọmọ yín! Ẹ dáwó!" Igbá kan náà ló gbé lọ síbi méjèèjì, kò tilẹ̀ fọ̀ ọ́.

Ọba ńlá Washington náà dá sí i. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, lẹ́tà jáde láti ààfin: ẹ jẹ́ kí ọmọ lo ibi tó bá ohun tó pe ara rẹ̀ mu. Ní oṣù Kejì ọdún 2017, ọba mìíràn ti wà lórí àga, ó wọ́gi lé lẹ́tà náà. Ìpínlẹ̀ kò gbẹ́yìn. Ní 2021, ìjọba gómìnà kan ní kí tíṣà máa fi orúkọ tí ọmọ bá ní òun ń jẹ́ pè é. Ní 2023, ti gómìnà tó tẹ̀ lé e ní àfi bí òbí bá fọwọ́ sí ìwé. Ọ̀gà, tí gbogbo ayé ń bú pé ó ń pàwọ̀ dà, jókòó sórí ẹ̀ka igi, ó ń ka òfin wọn, ó la ẹnu sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òbí yẹn wọ̀ mí létí. Èmi náà kò ní fẹ́ kí ọmọ mi máa jẹ́ orúkọ kan nílé-ìwé tí n kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ní Gloucester, ìyá mọ̀. Òun ló mú ọmọ rẹ̀ dé ọ́fíìsì ọ̀gá. Ohun tí ìyá mọ̀ kò borí ìbò mẹ́fà.

Àdán ti pe ìgbìmọ̀ lẹ́jọ́. Ẹjọ́ ń gòkè, ẹjọ́ ń sọ̀. Àdán jáde ilé-ìwé ní 2017. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, Adájọ́ Òwìwí ní ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Richmond kó awò sójú, ó dá Àdán láre: kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà lo ilé ìtọ̀ àwọn ẹyẹ. Ọmọ wo? Ó ti pé ọdún mẹ́ta tó ti ń tọ̀ sí ilé ara rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní òun kò ní gbọ́ ẹjọ́ ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ san mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún dọ́là fún owó lọ́yà. Káfíńtà kò gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún irú owó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Nínú gbọ̀ngàn, àwọn àgbà ṣì ń gbè, "Fẹ̀ẹ̀rẹ̀-ǹ-fẹ́!", kò sì sí ẹni tó ń lé mọ́. Ìjàpá di igbá rẹ̀ sínú àpò. Ó ti gbọ́ pé lọ́dún 2021 kan náà, wọ́n ṣe òfin tuntun ní West Virginia tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, pé ẹjọ́ mìíràn sì ti bẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Kì í ṣe ti ìtọ̀ mọ́, ti ọmọ tó fẹ́ bá àwọn ọmọbìnrin sá eré ìje ni.

Yánníbo bi í pé níbo ló ń lọ. Ó ní kí ó bá òun wá bàtà eléré.